Orúnkún Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbà Gbọ́

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: irọ́ méjì ni mo ti pa tán kí òótọ́ tó dé. Nígbà tí òótọ́ wá dé, kò rí ẹni fún un ní àga.

Àkọ́bí mi ọkùnrin ló fẹ́ gbéyàwó. Nínú gbogbo ọmọbìnrin tó ń bẹ láti Agége títí dé Ìkẹjà, ọmọ láńlọ́ọ̀dù wa àtijọ́ ló lọ mú. Ẹ̀yìnkùlé ilé ọkùnrin náà ní Agége la gbé fún ọdún mọ́kànlá, èmi, ìyá àwọn ọmọ mi, àti ọmọ mẹ́ta, nínú yàrá kan àti pálọ̀ kan. Òun àti àwọn tirẹ̀ wà nínú ilé iwájú. Nígbà tó fẹ́ fi ẹ̀yìnkùlé náà kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó ní ká kó jáde. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn ọmọ parí táàmù níléèwé ná. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù òjò, ó kó káfíńtà méjì wá, wọ́n gun òkè ilé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí páànù ilé lórí wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣí ìdérí ìkòkò. Òjò dé kó tó di ọ̀sán.

Ọdún mọ́kànlélógún rèé. N kò kí i mọ́ láti ọjọ́ náà. Bí mo bá rí i ní mọ́sálásí ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹnu ọ̀nà kejì ni mo ń gbà jáde, ì báà jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ ni bàtà mi wà.

Nígbà tí ọmọ mi sọ ilé tí ìyàwó ti ń bọ̀, mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tí mo rí i pé òun kò rẹ́rìn-ín, èmi náà dákẹ́.

"Kò burú," ni mo wí. "Fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n orúnkún mi kò ní kanlẹ̀ nínú ilé yẹn."

Ohun tí mo ń sọ yé e dáadáa. Ní ìdílé tiwọn, bí ẹbí ọkọ bá wá ṣe mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́, bàbá ọkọ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, kí ọkọ ìyàwó tó tẹ̀ lé e. Àwọn ẹbí mìíràn a máa jẹ́ kí bàbá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó tán. Àwọn wọ̀nyí kì í gba ìyẹn. Àyà ni wọ́n fẹ́ rí nílẹ̀. Àbúrò láńlọ́ọ̀dù, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ le ju ti ọlọ́pàá lọ, ló máa ń ṣe alága fún wọn, òun náà ló sì ń wo àyà.

Irọ́ mi àkọ́kọ́ ni pé mo máa wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Sátidé ọjọ́ náà. Ìyá àwọn ọmọ mi kò bá mi jiyàn. Ó gbé fóònù, ó pe ọ̀gá mi. Ọ̀gá ní òun ti fún mi láyè láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó sì kí wa kú oríire.

Irọ́ kejì, ẹ̀sìn ni mo fi ṣe. Mo ní Mùsùlùmí ni mí, pé Ọlọ́run nìkan ni Mùsùlùmí ń forí kanlẹ̀ fún. Ìyá àwọn ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí tó fi fi etí ìró nu ojú.

"Láti ìgbà wo?" ló bi mí. "Ẹ̀yin tí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ títí eruku fi wọ̀ yín nímú! Ṣebí Alájì ni láńlọ́ọ̀dù náà? Ẹ lọ fi wáàsí yẹn kọ́ ọ."

Mo wá ní kí àbúrò mi lọ dúró fún mi. Àwọn ẹbí ìyàwó ránṣẹ́ padà pé àwọn kò tíì gbọ́ pé bàbá ọkọ kú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé rèé ní ọjọ́ Túsìdeè, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin.

Ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń fi ẹ̀rọ ṣe ike: korobá, abọ́, àga oníke. Bí ẹ kò bá tíì rí ohun tí a fi ń ṣe ike rí, wóro wóro funfun ni, ó rí bí ẹ̀wà, inú àpò ló ń wà. Bí àpò bá ya, tí wóro dà sílẹ̀, ilẹ̀ á yọ̀ ju ilẹ̀ tí wọ́n da ọbẹ̀ ilá sí lọ. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo ti fi ń pariwo mọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi iṣẹ́ nítorí wóro yìí. Mo ti bú wọn, mo ti bú ìyá ẹni tó kọ́ wọn ní ìrìn.

Ìyá àwọn ọmọ mi pè mí lórí fóònù ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ó ní ṣé mo ti tún ọ̀rọ̀ náà rò. Ẹ̀rọ ń dún, mo sì ní láti gbé ohùn sókè.

"Mo ti sọ fún ẹ! Orúnkún mi kò ní kanlẹ̀ láéláé!"

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni ẹsẹ̀ ọ̀tún mi tẹ wóro tó dà sílẹ̀. Orúnkún mi kanlẹ̀. Gbogbo ìwúwo ara mi ló sì bá a lọ, ẹsẹ̀ náà yí sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí èmi yí sí èkejì. Fóònù fò lọ sábẹ́ ẹ̀rọ, ó kú síbẹ̀. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná kí wọ́n tó sáré wá gbé mi. Mo mọ ojú gbogbo wọn, mo sì ti ń san án fún wọn díẹ̀díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ di yìnyín mọ́ ọn. Kó tó di pé yìnyín yọ́, orúnkún ti wú bí ìbẹ́pẹ. Wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n ya fọ́tò eegun. Dókítà ní eegun kò ṣẹ́, oríkèé ló yí, omi sì ti sé sínú rẹ̀. Ó ní n kò gbọdọ̀ ká ẹsẹ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ní kó kọ ọ́ kó hàn dáadáa.

Ọlọ́dẹ ilé iṣẹ́ yá mi ní ọ̀pá. Inú kẹ̀kẹ́ ni mo ti na ẹsẹ̀ gbọọrọ títí dé ilé wa ní Dópẹ̀mú, kò sì sí kòtò kan tí oníkẹ̀kẹ́ náà kò bọ̀ sí. Nígbà tí mo pariwo, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́ ni mo gbẹ́ títì." Mo ṣépè fún un láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa.

Ìyá àwọn ọmọ mi wà ní iwájú ilé. Ó rò pé ńṣe ni mo gé fóònù mọ́ òun lójú láti ọ̀sán, nítorí náà ó ti ń dúró dè mí. Ó wo ọ̀pá. Ó wo báńdéèjì. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹsẹ̀ yín mà gbọ́n o," ló wí. "Ó mọ ọjọ́ tó yẹ kó dùn."

Mo na ìwé dókítà sí i.

"Dókítà wo? Èyí tó ń ta oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni?"

"Ṣé bí mo bá kú lo máa tó gbà pé ó ń dùn mí?"

"Ẹ má kú o. Ẹ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ ná."

Ó gbé omi kaná ṣá. Ó fi òrí ra orúnkún náà, ó rẹ aṣọ sínú omi gbígbóná, ó sì ń gbá a lé mi lẹ́sẹ̀ bí ẹni ń fọ ẹ̀wù tí epo dà sí. Mo ké. Ó ní igbe náà dára, pé kí n tọ́jú rẹ̀ di Sátidé.

Inú bí mi débi pé mo gbàgbé láti jẹun. Ìrora náà burú, ṣùgbọ́n ìrora tí ẹnikẹ́ni kò gbà gbọ́ burú jù ú lọ. Ẹni tí ó ń ṣàìsàn a máa rí ẹ pẹ̀lẹ́ gbà. Èmi, tí mo bá wọ ẹsẹ̀ kọjá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn aládùúgbò á máa wo ara wọn. Láti yàrá dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìrìn ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá, mo máa ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Láti jókòó sórí ìgbọ̀nsẹ̀ láìká orúnkún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ọmọ mi wá ní Wẹ́sìdeè. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó. Ìyá rẹ̀ ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹta nìyí," ló wí. "Ẹ ní iṣẹ́. Ẹ ní ẹ̀sìn. Ó wá di ẹsẹ̀."

"Sún mọ́ ibí. Fọwọ́ kàn án. Ó gbóná bí iná."

Kò sún mọ́ mi.

"O ti gbàgbé ohun tí ọkùnrin yẹn fi ojú wa rí," ni mo wí. "O ti gbàgbé páànù."

Ó wò mí. N kò rí ojú yẹn lára rẹ̀ rí.

"Báwo ni mo ṣe máa gbàgbé? Èmi ni mo gbé bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, Bàbá. Ìrọ̀lẹ́ lẹ dé. Èmi àti Màmá la kó ẹrù sábẹ́ igi. Orí wa ni òjò rọ̀ sí, kì í ṣe orí yín. Àwa tí òjò rọ̀ sí lórí ti gbà fún Ọlọ́run. Kí lẹ̀yin ń gbé kiri?"

Òótọ́ ló sọ, ó sì gún mi ju orúnkún lọ. Nígbà tí òótọ́ bá gún mi, ariwo ni mo máa ń pa. Mo pariwo mọ́ ọn pé aláìmoore ni, pé ó ti ta ìdílé rẹ̀ nítorí obìnrin.

Ó dúró títí mo fi pariwo tán. Ó wá sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń dágbére.

"Bí ẹ kò bá ní dọ̀bálẹ̀, ẹ má wá. Màá sọ fún wọn pé n kò ní bàbá."

Ó jáde. Mo gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń sọkún nínú ilé ìdáná. Èmi kò sọkún. Mo jókòó, mo na ẹsẹ̀ sórí àpótí, mo sì ń bú gbogbo ẹni tó bá wá sí mi lọ́kàn, láti orí láńlọ́ọ̀dù títí dórí ẹni tí àpò wóro ya mọ́ lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo kírun lórí àga fún ìgbà àkọ́kọ́ ní mọ́sálásí. Àga oníke funfun ni wọ́n gbé wá fún mi. Mo yí i wò lábẹ́: àwa la ṣe é. Gbogbo ènìyàn wólẹ̀, wọ́n forí kanlẹ̀, èmi nìkan ni mo ga láàárín wọn bí òpó. Ojú tì mí. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó má bínú, pé tí ẹsẹ̀ bá san, màá san gbogbo ìforíkanlẹ̀ tí mo jẹ Ẹ́.

Mo lọ ní Sátidé. Ẹ má ṣe rò pé ìfẹ́ ló gbé mi lọ. Ìbínú ni. Kò sí ẹni tí yóò dúró nínú ilé ọkùnrin yẹn kó ní ọmọ mi kò ní bàbá. Mo di báńdéèjì méjì lé ara wọn, mo gbé oògùn ìrora mì, mo wọ ọkọ̀ tí ọmọ mi háyà. Kò bá mi sọ̀rọ̀ lọ́nà.

Pálọ̀ náà kò yí padà, àfi kápẹ́ẹ̀tì pupa tuntun tí wọ́n tẹ́. Láti ojú fèrèsé ni mo ti rí ibi tí yàrá wa wà tẹ́lẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ni. Ìpẹtà ti mú ilẹ̀kùn mẹ́ta nínú wọn, ó dà bíi pé kò sẹ́ni tó háyà wọn rí. Láńlọ́ọ̀dù jókòó sórí àga ńlá pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó ti gbẹ, ọrùn rẹ̀ ti tín-ín-rín nínú agbádá. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń ṣépè fún un ni mo ti ń retí irú ọrùn yẹn. Mo rí i tán, kò dùn mọ́ mi nínú.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin dìde. Ó kí wa káàbọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ àwàdà rẹ̀.

"Ẹbí ọkọ, ẹ ní ẹ rí òdòdó nínú ọgbà wa. Ṣé orí ìdúró lẹ ó ti já a ni?"

Ìyá àwọn ọmọ mi àti àwọn obìnrin tó bá a wá kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èmi dúró, mo gbára lé ọ̀pá.

"Bàbá ọkọ dà?" ni obìnrin náà wí. "Àyà là ń wò o."

"Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ mi..."

"A ti gbọ́ nípa ẹsẹ̀ náà."

Gbogbo pálọ̀ rẹ́rìn-ín. Ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀. Mo ti la ẹnu láti sọ ohun tí n kò ní lè kó padà, nígbà tí ọmọ mi gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Kò wò mí. Ó na ara rẹ̀ gbọọrọ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ní iwájú mi, ṣáájú mi, níbi tí àṣà wọn ti ní kí bàbá ṣáájú.

"Háà! Ọkọ ìyàwó, ta ló ní kí o ṣáájú bàbá rẹ?"

Kò gbórí sókè. Ó ti ṣe ohun tó wí. Ó dọ̀bálẹ̀ bí ẹni tí kò ní bàbá.

Mo wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Mo rántí pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tó gbé bẹ́ẹ̀dì sórí ọrùn yẹn nínú òjò, tí n kò sì sí níbẹ̀ láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọwọ́ mi ló fi ọ̀pá sílẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí wọ́n máa bi mí. Mo fẹ́ fi orúnkún òsì kúnlẹ̀ ná, kí n na ti ọ̀tún sẹ́yìn, kí n wá fi ọwọ́ méjèèjì sọ ara mi kalẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì gbọ́ràn. Ti ọ̀tún kò gbọ́. Ohun kan dún nínú oríkèé náà, gbogbo ara mi sì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àyà kanlẹ̀, iwájú orí kanlẹ̀, fìlà yí lọ sábẹ́ àga láńlọ́ọ̀dù. Mo nà sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọmọ mi.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo gbọ́ ohùn ìyá àwọn ọmọ mi tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

"Ó tó, bàbá ọkọ," ni alága wọn wí. "A ti rí àyà. Ẹ dìde."

N kò lè dìde. N kò lè mí dáadáa gan-an. Mo gbọ́ tí ẹnìkan wí lẹ́yìn mi pé, "Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀ bàbá yìí." Ká ní mo ní agbára ni, ǹ bá ti gbá a létí.

Àga ńlá han, láńlọ́ọ̀dù dìde, ó rìn wá sọ́dọ̀ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo rí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ níwájú ojú mi.

"Ẹ dìde, àna mi," ló wí. "Ó ti tó. Kí ló kù tí ẹ ń fẹ́?"

Ìrora ti da omi sójú mi. Gbogbo ohun tí mo ti tò jọ láti ọdún mọ́kànlélógún, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló rí ọ̀nà jáde nínú rẹ̀.

"Páànù," ni mo wí.

Ó tẹ etí sílẹ̀. "Páànù wo?"

Mo gbójú sókè díẹ̀, mo wo ojú rẹ̀. Kò díbọ́n. Ó ń béèrè ni, bí àgbàlagbà tó fẹ́ ran ènìyàn lọ́wọ́. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà láti Agége dé Dópẹ̀mú, mo ti gbé e wọ mọ́sálásí, mo ti gbé e sùn. Òun kò tilẹ̀ gbé e dé ẹnu ọ̀nà.

Ọmọ mi ti dìde. Ó fi ọwọ́ kan sábẹ́ apá mi, ó sì ki èkejì bọ abẹ́ orúnkún mi láti gbé mi. Ọwọ́ náà kan ibi tó wú, ó dúró. Ó tẹ̀ ẹ́ wò lórí ṣòkòtò, wẹ́rẹ́, ó sì tún tẹ̀ ẹ́. Ó wo ojú mi. Ó gbé mi sórí àga bí ẹni gbé ẹyin.

Nígbà tí a ń padà lọ sílé, ẹ̀yìn ọkọ̀ lèmi àtirẹ̀ jókòó sí, ẹsẹ̀ mi wà lórí itan rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà níwájú, kò wẹ̀yìn. Ọmọ mi ń wo báńdéèjì náà.

"Bàbá," ló wí nígbà tó yá, "ṣé ẹ dọ̀bálẹ̀ ni, àbí ẹ ṣubú?"

"Mo dọ̀bálẹ̀."

Ó mi orí. N kò mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ kúrò lórí orúnkún náà títí a fi dé Dópẹ̀mú.

Wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó. Ìyàwó náà dára, ó ń tọ́jú mi, n kò lè rí ẹ̀sùn kankan kà sí i lọ́rùn, ó sì ń bí mi nínú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dókítà ti di oṣù mẹ́jọ. Ó ní bí mo ṣe ṣubú lẹ́ẹ̀kejì náà ló ba oríkèé jẹ́, pé bóyá ni ẹsẹ̀ náà máa tún ká débi tí mo lè fi wólẹ̀. Mo ní èmi kò ṣubú lẹ́ẹ̀kejì. Ó wò mí, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, etí ìlà kẹta ni wọ́n ń gbé àga mi sí. Láńlọ́ọ̀dù máa ń wà níwájú mi níbẹ̀, ó dàgbà, ó gbẹ, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ pé. Ó ń wólẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ń dìde. Bí a bá parí, á yíjú, á ní, "Àna mi, ara ńkọ́?" Mo ń dá a lóhùn nítorí ọmọ mi.

Láti Sátidé ọjọ́ náà, orí mi kò tíì kan ilẹ̀ fún Ọlọ́run tó dá mi. Orí àga ni mo ti ń kí I. Ẹni tí mo forí kanlẹ̀ fún kẹ́yìn ni ọkùnrin tó ṣí páànù lórí ọmọ mi, tí kò sì rántí.